Òkúta Inú Àpò Mi

Òkúta méjì ni mo kó sínú àpò ṣòkòtò mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n wá ní jímù. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ nǹkan mìíràn, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wọra, màá fò ó dá. Gíráníìtì ni òkúta ọ̀hún, àgékù orí ibi ìdáná tí mo ṣe fún ilé kan ní ẹ́sítéètì VGC. Mo fi áńkáṣíìfù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa dún. Mo ki ọ̀kan bọ àpò ọ̀tún, mo ki ìkejì bọ òsì, kí ìrìn mi lè dọ́gba. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. Mo ti ní ọmọ nílé ọkọ, mo ti gbé ọmọ-ọmọ jó, mo sì ń kó òkúta sápò bí ọmọ tó fẹ́ lọ sọ máńgòrò onímáńgòrò.

Ọgbọ́n tí mo dá nìyí: òṣùwọ̀n yóò kà mí sí ẹni tó wúwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, màá yọ òkúta kan. Lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, màá yọ ìkejì. Gbogbo ayé yóò sì rí i pé mò ń fọn.

Àmọ́ kì í ṣe àwọn ará jímù ni mo fẹ́ tàn jẹ gan-an. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn nọ́ọ̀sì kan ta àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ajah, wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni mo ṣe jókòó. Obìnrin tó so nǹkan mọ́ mi lápá wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò mí, ó tún un so.

“Bàbá, ṣé ẹ sáré wá síbí ni?”

“Rárá o. Ẹsẹ̀ ni mo fi rọra rìn wá.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ìwé kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n wá sí ilé ìwòsàn ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n má sì jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo ti í bọ àpò, mo gba ibi iṣẹ́ mi lọ. Èmi tí mò ń rìn lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ilé alájà mẹ́rin, tí màá tún máa súfèé níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ni mò ń sá fún. Ìyàwó mi rí ìwé yẹn nígbà tó ń fọ ṣòkòtò, láti ọjọ́ náà ni etí mi ò ti sinmi mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ jímù wá dé, mo bá a ṣàdéhùn: bí mo bá fọn ní jímù, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tán nìyẹn. Ó ní ó dáa, òun yóò máa wò mí. Ẹ ti wá rí ohun tí òkúta wà fún.

Ọ̀rẹ́ mi pẹ́ńtà ló mú ọ̀rọ̀ jímù wá. Ó ti tó ogún ọdún tí àwa méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́ kiri Lekki dé Ajah. Bí mo bá tẹ́ táìsì tán, òun ló máa ń gbé ọ̀dà wọlé lẹ́yìn mi, ibẹ̀ sì ni èébú ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Yóò ní mo fi símẹ́ǹtì ba ògiri òun jẹ́. Èmi náà yóò ní ó da ọ̀dà sórí táìsì mi bí ọmọ tó ń da ògì. Ọ̀gá Táìsì ló ń pè mí, Ọ̀gá Pẹ́ńtà ni mò ń pè é. Ọkùnrin gìrìpá ni, ó tóbi jù mí lọ dáadáa, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá kí òun tó wọlé.

Ó tó oṣù mẹ́ta tí a ò tíì rí ara wa, torí sáìtì wa ò papọ̀, nígbà tó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Ọ̀gá Táìsì, jímù kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo ilé ìwẹ̀, níwájú ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe ṣáléǹjì, ìdíje ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Méjì-méjì ni wọ́n ń so èèyàn pọ̀. Jẹ́ ká lọ.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?”

“Wọ́n ń fọn.”

“Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń jẹ ẹ̀bà méjì kó o tó béèrè bóyá ẹran wà?”

“Ohun tí mo ṣe fẹ́ lọ nìyẹn, jàre. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?”

Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dìde.

Jímù ọ̀hún kò tóbi. Dígí gba ògiri kan láti òkè délẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sí ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí fún ikùn ara rẹ̀. Táìsì ilẹ̀ ibẹ̀ ń dún kóró-kóró lábẹ́ ẹsẹ̀; ẹni tó tẹ́ ẹ kò fi símẹ́ǹtì kún inú rẹ̀ dáadáa, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Kóòṣì kí ó tó béèrè orúkọ mi. Ọmọkùnrin kan tí apá rẹ̀ tó itan mi ni Kóòṣì. Dádì ló ń pe gbogbo ẹni tí irun rẹ̀ bá ti ń funfun. Àwọn tó kù, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì láti Oniru ni wọ́n, àti àwọn onílé inú ẹ́sítéètì, àti obìnrin lọ́yà kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àwa oníṣẹ́ ọwọ́ méjì péré la wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gun ẹ̀rọ tí ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn, mo di irin rẹ̀ mú bí ẹni tó ń gba orí afárá onígi kọjá.

“Dádì, ẹ tú irin sílẹ̀!”

“Bí mo bá tú u sílẹ̀, ta ni yóò sọ fún ìyàwó mi?”

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wọ̀n wá. Ọ̀rẹ́ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì gbé jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn lé e, nínú ooru Ajah. Gbogbo èèyàn ń nu òógùn, òun sì fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ojú tiẹ̀ náà bọ́ sí àpò mi tó rọ̀ wálẹ̀ sápá ọ̀tún àti òsì. Mo ṣẹ́jú sí i. Òun náà ṣẹ́jú sí mi. Mo wí lọ́kàn mi pé, àṣé ẹlẹ́tàn bíi tèmi ni. Ọlọ́run nìkan ló mọ nǹkan tó kó sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Èèyàn kì í fẹ́ nìkan hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Òkúta tó wà nínú àpò mi ni mo fi ń wo gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe láti ọjọ́ náà lọ.

Òfin ṣáléǹjì kò le. Kí a tó fi oúnjẹ kan ẹnu, a gbọ́dọ̀ yà á ní fọ́tò, kí a fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wáàsáàpù. Kò sí dídín, kò sí mínírà, kò sí gààrí tí oòrùn bá ti wọ̀. Láràárọ̀ Sátidé, a ó gun òṣùwọ̀n. Wọn yóò ro tèmi pọ̀ mọ́ ti ọ̀rẹ́ mi, nítorí ìkejì ara wa ni wá. Ẹni tó bá jò jù lọ́sẹ̀ náà yóò gun orí àpótí kan, Kóòṣì yóò lu agogo, a ó sì pàtẹ́wọ́.

Kùkúńbà kan ṣoṣo ni mo fi bọ́ ẹgbẹ́ Wáàsáàpù yẹn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo tò ó yí ẹyin sísè ká, mo yà á ní fọ́tò, mo dá a padà sínú fíríìjì, mo wá fọwọ́ fún ẹ̀bà. Lọ́jọ́ kẹrin ni lọ́yà kọ̀wé síbẹ̀ pé, “Dádì Táìsì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe kùkúńbà yín? Ó ti ń rọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.” Wọ́n fi ẹ̀rín pa mí. Ọ̀rẹ́ mi kọ tiẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń fọn.”

Fọ́tò tirẹ̀ kò lábùlà ní tiẹ̀. Ẹ̀wà díẹ̀, ẹ̀fọ́, ẹja tí wọ́n sè. Àwo rẹ̀ mọ́, oúnjẹ rẹ̀ pé. N kò kàn rántí pé mo rí i kó jẹ ẹ́ rí.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo fi òkúta kan sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì jò tó kílò kan. Kóòṣì gbá mi lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi jò ju ìlọ́po méjì tèmi lọ. Ó gun àpótí, agogo dún, ó sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kí a lè rí bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun sí i. Kóòṣì pariwo pé, “Ẹ wo ihò! Ẹ wo ihò tuntun!” Ó ya bẹ́líìtì náà ní fọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá ti ń kérora lábẹ́ irin, a ó ké sí i pé, “Ihò tuntun!” Yóò sì gbé irin náà sókè.

Sátidé kẹta, ihò mìíràn tún ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, mo bá a níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, ó gbé orí lé orúnkún. Mo jókòó tì í.

“Ọ̀gá Táìsì.”

“Ọ̀gá Pẹ́ńtà.”

“Ara mi ń lọ o. Ojoojúmọ́ ló ń lọ.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Mo wẹ̀yìn bóyá Kóòṣì wà nítòsí, mo wá gbẹ́nu sí i létí.

“Èmi mọ ibi tó ń lọ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.” Mo gbá àpò mi pẹ́pẹ́, mo sì ṣẹ́jú.

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́ títí tí mo fi rò pé mo ní nǹkan lójú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mì í láti èjìká dé ẹsẹ̀, ó di ògiri mú, ó dìde. “O ò dáa rárá,” ló wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ ra ògiri bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀dà kò gbà.

Mo ti gbé ìṣẹ́jú yẹn padà wá sí ojú mi ju iye ìgbà tí mo lè sọ lọ. Mo máa ń gbìyànjú láti fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀. “Kí ló ń ṣe ẹ́?” Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè lè sọ ọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òkúta mi ti tán. Kò sí nǹkan tí mo tún lè yọ àyàfi ẹran ara mi, ìyẹn ò sì fẹ́ kúrò níbi tó jókòó sí. Mo bọ́ bàtà kí n tó gun òṣùwọ̀n, mo bọ́ aago, mo mí èémí jáde títí ojú mi fi ṣókùnkùn, síbẹ̀ mo tún sanra sí i. Ọ̀rẹ́ mi ló gbà wá sílẹ̀. Ó tún jò. Àwọn tó wà níwájú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé, òkúta mélòó ni ọkùnrin yìí kó wá gan-an?

Nínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iṣẹ́ pa wá pọ̀ nílé kan ní Oniru. Ọ̀sán ni. Ó ya fọ́tò oúnjẹ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ó wá gbé àwo náà fún àwọn lébìrà tó ń po yanrìn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ń dúpẹ́ fún nǹkan tó ti mọ́ wọn lára. Ó kọjá sẹ́yìn òkìtì yanrìn. Mo gbọ́ ọ tó ń bì. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tó ń bì jáde, ohùn nìkan ni. Ó padà wá, ó nu ẹnu.

“Kí ló dé?” ni mo bi í.

“Kùkúńbà ni.”

A rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun di àkàsọ̀ mú. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀rẹ́ mi di àkàsọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò gbé ẹsẹ̀, yóò ti wà lókè àjà. Lọ́jọ́ yẹn, bó bá gun ìpele kan, yóò sinmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní iwájú mi gan-an. Mo rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Eegun lásán ni.

Mo mọ̀ nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́. Ẹ̀tàn inú àpò kì í mú kí eegun ọrùn ẹsẹ̀ yọ jáde. Mo mọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tó gun ìpele mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni mo ní kí ọkàn mi máà mọ̀ mọ́. Nítorí bí mo bá sọ pé, “Sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn,” èmi ni yóò mú un débẹ̀. Wọn yóò rí mi níbẹ̀. Ẹnìkan yóò ní, Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ jókòó, ẹ na apá. Bí ẹ̀rù mi ṣe tó nìyẹn. Mo di àkàsọ̀ mú gírígírí, mo sì ń wo ilẹ̀.

A gbé ipò kìíní lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ihò márùn-ún ló ti wà lára bẹ́líìtì rẹ̀, ìdí bẹ́líìtì náà sì gùn débi pé ó ti yí dé ẹ̀yìn rẹ̀. Kóòṣì ní kí àwa méjèèjì gun orí àpótí. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọwọ́ lé èjìká mi kó lè gòkè, mo sì ṣe ara mi gírí, torí mo mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe máa ń wúwo. Kò wúwo. Bí ẹni gbé aṣọ lé mi léjìká ni. Agogo ń dún, wọ́n ń pariwo ihò tuntun, lọ́yà ń fi fóònù yà wá, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù pẹ̀lú ọwọ́ yẹn léjìká mi.

Bílẹ́ńdà ni ẹ̀bùn wa, ẹyọ kan fún àwa méjì, kí a lè máa fi po èso mu. Mo rò pé yóò ní kí n máa gbé e lọ. Ó gbà á lọ́wọ́ Kóòṣì, ó gbé e mọ́ àyà.

“Ọ̀gá Táìsì, jẹ́ kí èmi mú un. Èmi ló máa wúlò fún.”

Ojúkòkòrò ni mo pè é nínú ara mi. Mo binú délé.

Kò wá sí jímù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nínú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù, wọ́n ń béèrè pé, “Ọ̀gá Ihò Tuntun wa dà?” Ó fèsì lẹ́ẹ̀kan pé òun wà nílé, òun ń gbádùn bílẹ́ńdà. Mo pè é, ó ní òun rìnrìn àjò díẹ̀. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Mo gbà á gbọ́, torí ó rọrùn láti gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kọjá bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnìkan fi fọ́tò ẹyin àti kùkúńbà sí orí ẹgbẹ́ náà, ohun tó sì tẹ̀ lé e lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ láti orí fóònù ọ̀rẹ́ mi, tí ìyàwó rẹ̀ kọ: olówó orí òun ti kú, wọn yóò sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

A lọ. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Èmi wà lára àwọn tó gbé e, ohun tí mo sì ti bá pàdé lórí àpótí ni mo tún bá pàdé níbẹ̀: kò wúwo. Ọkùnrin gìrìpá mi. Kóòṣì dúró lẹ́yìn àwọn èèyàn, ó ń sunkún bí ọmọdé, apá ńlá ńlá yẹn kò mọ ohun tí yóò dì mú.

“Dádì, èmi ni mò ń lu agogo fún un,” ló ń wí fún mi. “Ó ń kú lọ, mo ń lu agogo fún un.”

Mo dì í mú lápá. Bí mo bá ní kò jẹ̀bi, n ó ní láti sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó yọ fọ́tò bẹ́líìtì kúrò lára ògiri lọ́jọ́ kejì. Ojú ibi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣì mọ́ ju ibi tó kù lọ, ẹni tó bá mọ ọ̀dà yóò rí i. Bí wọ́n bá ń wọn èèyàn níbẹ̀ báyìí, wọn kì í lu agogo mọ́.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni mo mú ìwé nọ́ọ̀sì yẹn, èyí tí omi ọṣẹ ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà, mo sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó mi ní òun yóò bá mi lọ, mo ní kó fi mí sílẹ̀, torí n kò fẹ́ kó rí ojú mi bí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́. Wọ́n so nǹkan mọ́ mi lápá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Kóró oògùn méjì lóòjọ́ ni wọ́n fún mi. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún tó kọjá kò gba àkókò tó èyí tí mo fi ń po símẹ́ǹtì. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, mo sunkún. Obìnrin kan tó jókòó tì mí rò pé ìròyìn burúkú ni wọ́n sọ fún mi, ó fún mi ní omi inú ọ̀rá.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àlejò ti tú ká, mo lọ bá ìyàwó ọ̀rẹ́ mi nílé wọn. Mo di òkúta méjèèjì sínú ọ̀rá dúdú. Ọkàn mi ti sọ fún mi pé yóò lé mi jáde, mo sì ti kọjú bàtà mi síta lẹ́nu ọ̀nà kí kíkúrò lè yá. Bílẹ́ńdà wa wà lórí tábìlì, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó fi aṣọ bò ó.

“Ìyàwó wa, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi rò.”

“Bọ̀ọ̀dá Táìsì, ẹ jókòó.”

N kò jókòó. Mo tú áńkáṣíìfù, mo kó òkúta sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀: ọjọ́ òṣùwọ̀n, jákẹ́ẹ̀tì, àtẹ̀gùn, àkàsọ̀. Mo ní mo rò pé ọkọ rẹ̀ ń rẹ́ni jẹ bíi tèmi ni. Mo ní bí mo bá béèrè, bóyá à bá tètè mọ̀. Bóyá ì bá ṣì wà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òkúta kan, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́.

“Èyí náà ni?”

“Òun ni.”

“Ó mà kéré. Bó ṣe sọ ọ́, mo rò pé ó tó ọmọ ọlọ.”

Mo gbójú sókè. “Ta ló sọ ọ́?”

“Ta ni ì bá tún sọ ọ́? Ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n yín, ó délé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Ọ̀gá Táìsì kó òkúta sápò, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ yé ẹyin.”

Ó jókòó, ó gbé òkúta náà sórí itan. Ó wá sọ fún mi pé jẹjẹrẹ inú ni. Wọ́n ti mọ̀ kí ṣáléǹjì tó bẹ̀rẹ̀, dókítà sì ti sọ fún àwọn méjèèjì pé ó ti ràn kọjá ohun tí ọwọ́ lè ká. Ara ọkọ rẹ̀ ti ń rù nígbà náà; ohun tó fi jákẹ́ẹ̀tì bò nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ní bí òun bá ń rù ní sáìtì, wọn yóò máa káàánú òun, wọn yóò máa fi ojú òkú wo òun. Ó wá wá ibi tí ọkùnrin lè máa rù sí, tí wọn yóò máa pàtẹ́wọ́ fún un.

“Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

“Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ní lórí àtẹ̀gùn kan ni. Ó ní ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ìdí ìborùn nu ojú. “Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn pa òun lẹ́rìn-ín, òun ò wá fẹ́ bà á jẹ́.”

Mo wá jókòó. Mo bi í bóyá ó dárí jì mí. Ó fa òkúta náà kúrò lórí itan, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó sì ká ìka mi bò ó.

“Bọ̀ọ̀dá, ó ti fi ọ̀rọ̀ yín lé mi lọ́wọ́ kó tó lọ. Ó ní bí ẹ bá fẹsẹ̀ ara yín wá, tí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, kí n sọ fún yín pé òun ti mọ̀, òun ò bínú. Ó ní bí ẹ kò bá wá, kí n dákẹ́, kí n jẹ́ kí ẹ máa rù ú lọ.”